Ta ló ń sọ fún àgbọ̀nrín pé oṣù ti tó?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Nọ́ọ̀sì ni mí, àríwá Scotland ni mo ń gbé, ọdún kẹta rèé. Tó bá ti di oṣù kẹwàá, àwọn akọ àgbọ̀nrín orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa á bẹ̀rẹ̀ sí í bú lóru, ọmọ mi kì í rí oorun sùn. Tó bá di oṣù kẹfà, àwọn abo á bímọ, gbogbo wọn pọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi ní Oǹdó lórí fóònù. Ọdẹ paraku ni wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí oṣù tí àwọn ò bá oyún nínú ẹtu rí látìgbà tí àwọn ti ń ṣọdẹ. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ta ló ń sọ fún ẹran pé oṣù ti tó? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku ìkan: lọ́dún tó kọjá mo rí ọmọ àgbọ̀nrín kan tó dá dùbúlẹ̀ sínú koríko, mi ò rí ìyá ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé ó yẹ kí n ti gbé e ni?"

Ẹ má bá bàbá jiyàn mọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ, ohun tí ẹ̀yin náà rí ni ẹ sọ. Ẹran méjì ni, ilẹ̀ méjì ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ẹran ìgbẹ́, irú àríyànjiyàn yìí gan-an ni mo sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá lè parí rẹ̀ ti mọ ohun tó pọ̀.

Kí n kọ́kọ́ yọ ohun kan kúrò lọ́nà. Àgbọ̀nrín ọ̀dọ̀ yín àti àgbọ̀nrín ilé wa kì í ṣe ọmọ ìyá. Tiwa, ìbátan màlúù àti ewúrẹ́ ni. Ìwo tó bá ti hù lórí akọ rẹ̀, ó di ọjọ́ ikú. Tọ̀hún, ìdílé ọ̀tọ̀ ni. Ọdọọdún ni ìwo akọ rẹ̀ ń já. Èyí tó ń bú lẹ́yìn ilé yín nínú oṣù kẹwàá, ìwo rẹ̀ á já bọ́ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, òmíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Àgbọ̀nrín pupa ni àwọn onílé ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi á ṣe máa pè é níbí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Oyún àgbọ̀nrín pupa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 235. Ẹ dúró sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, kí ẹ ka 235 padà sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá lẹ máa bá ara yín, ní àárín àwọn òru tí ọmọ yín kò lè sùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ìgùn ló ń yan ìgbà: ara ẹran gbóná, akọ gun abo, ìgbà tí oyún bá pé ni wọ́n á bí. Ẹ yí i padà. Ọmú ló yan ìgbà ìbí, ìbí ló wá yan ìgbà ìgùn. Oyún gan-an kì í ni abo àgbọ̀nrín lára tó bẹ́ẹ̀. Ọmú ló ń fa ara rẹ̀ gbẹ. Erékùṣù kan wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Scotland tí wọ́n ń pè ní Rum. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ti ń tọpa àgbọ̀nrín ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ìyá èyí, wọ́n mọ ọdún tí wọ́n bí tọ̀hún, wọ́n ń wọn ọmọ tuntun kí ó tó lè sáré mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi abo tó bímọ tí ọmọ rẹ̀ kú kété lẹ́yìn ìbí wé èyí tó tọ́ tirẹ̀ dàgbà. Àwọn méjèèjì ló lóyún, àwọn méjèèjì ló bí. Àmọ́ èyí tó fún ọmọ lọ́mú títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn fi parí ni ìgbà òtútù máa ń tètè pa, òun náà ni kì í sábà lóyún lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, ìgbà tí koríko tútù pọ̀ jù lọ lọ́dún ni ọmọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọmú. Bí ìyá bá tètè bí jù, koríko kò tíì yọ, wàrà kò ní tó. Bí ó bá pẹ́ jù, òtútù á bá ọmọ ní kékeré, kò sì ní la ọdún náà já.

Ìbéèrè yín wá ṣì kù. Nínú oṣù kẹwàá, koríko ń kú lọ ni. Kò sí ohunkóhun lórí òkè yẹn tó jọ oṣù kẹfà. Kí ni ẹran rí tó fi mọ̀ pé ó ku ọjọ́ 235?

Òkùnkùn ni. Ní Rum, ọ̀sán tó gùn jù lọ lọ́dún ju wákàtí 17 lọ, èyí tó kúrú jù kò tó 7. Ojú ẹran ń rí ìmọ́lẹ̀, ìròyìn náà ń lọ sí inú ọpọlọ, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ẹṣẹ́ kékeré kan níbẹ̀ tó ń tú họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, melatonin jáde. Ilẹ̀ mọ́, ó dáwọ́ dúró. Òru gígùn, melatonin á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Òru kúkúrú, kò ní pẹ́. Apá mìíràn nínú ọpọlọ ló ń ka bí ó ṣe pẹ́ tó, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka owó, òun ló sì ń pàṣẹ fún ilé ẹyin abo àti kórópọ̀n akọ pé kí wọ́n jí tàbí kí wọ́n sùn. Ìwo tó ń já tó ń hù, aago kan náà ló ń lù ú.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń gbádùn láti sọ. Ọ̀sán oṣù kẹta àti ọ̀sán oṣù kẹsàn-án máa ń gùn bákan náà ní àwọn ọjọ́ kan. Kí ló dé tí ẹran kì í ṣi ọ̀kan mú fún ìkejì? Ìdí ni pé kì í ṣe òru àná nìkan ló ń kà, ó ń rántí èyí tó ti kọjá. Wákàtí 12 tó tẹ̀lé òru gígùn, ohun tó ń sọ fún un yàtọ̀ sí wákàtí 12 tó tẹ̀lé òru kúkúrú.

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí, ẹ wo New Zealand. Kò sí àgbọ̀nrín kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀; àwọn òyìnbó ló kó wọn lọ láti Britain ní ọ̀rúndún 19. Ẹ̀yà kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n dé ìhà gúúsù ayé, tí oòrùn yí padà mọ́ wọn lórí, àwọn náà yí padà. Oṣù kẹta sí ìkẹrin ni akọ ń bú níbẹ̀ báyìí, oṣù kọkànlá sí ìkejìlá ni abo ń bímọ. Àwọn tó ń sin àgùtàn ní Yúróòpù náà ti rí i lò: wọ́n máa ń ki melatonin díẹ̀ sábẹ́ awọ etí àgùtàn kí ó lè rò pé òru ti gùn, kí ó sì tètè wá àgbò.

Ẹṣin ń ka òkùnkùn kan náà, àmọ́ ìdàkejì ló ń kà níbẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni oyún rẹ̀, nítorí náà bí yóò bá bí nígbà koríko, nígbà koríko náà ló gbọ́dọ̀ gba akọ. Ìgbà tí ọ̀sán ń gùn sí i ni ara rẹ̀ ń jí. Àgùtàn tí oyún rẹ̀ jẹ́ oṣù márùn-ún, ìgbà tí ọ̀sán ń kúrú ni tirẹ̀.

Ẹ tún máa rí àgbọ̀nrín kékeré kan lọ́hùn-ún, roe deer ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí tirẹ̀ da ìṣirò yín rú. Nínú oṣù keje sí ìkẹjọ ni akọ ń lé abo kiri, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà ni abo ń bí. Bí oṣù mẹ́wàá nìyẹn, ẹran tí kò tó àgbọ̀nrín pupa rárá! Àṣírí rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìgùn, ọlẹ̀ náà kì í lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Ó kàn ń léfòó níbẹ̀ ni, kékeré bíńtín, bí irúgbìn tí a tọ́jú sínú akèrègbè, fún bí oṣù márùn-ún. Ìgbà tí ọdún ń parí lọ tàbí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ ló tó lẹ̀ mọ́ ìyá, ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Bí ẹ bá yọ ìsinmi yẹn kúrò, ìṣirò wa ò yẹ̀.

Ní ti akọ tó ń bú, kì í ṣe ariwo lásán. Wọ́n gbé ohùn akọ àgbọ̀nrín jáde fún àwọn abo kan ní oko kan ní New Zealand, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1987: àwọn abo tó gbọ́ bíbú náà tètè wá akọ ju àwọn tí kò gbọ́ lọ. Òkùnkùn ló ń mú oṣù wá, ohùn akọ ló ń tún ọjọ́ tò. Ó ṣe pàtàkì, torí abo kì í gba akọ ju bí ọjọ́ kan lọ. Bí ọjọ́ yẹn bá fò ó, ó di nǹkan bí ọjọ́ 18 sí i, ọmọ yẹn á sì pẹ́ dé láyé. Akọ náà kò ní ọjọ́ méjì tó lè fi ṣòfò. Oúnjẹ kì í wọ ẹnu rẹ̀ dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ó lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé òun nìkan kọ́ ni kò sùn.

Ẹ wá padà sílé. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ. Kí ni ẹran fẹ́ kà nínú ìyẹn? Ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa fi ń bí nígbàkigbà, nígbà tí ewúrẹ́ Yúróòpù ń dúró de oṣù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá lè wá sọ pé: ó dára, bí ó bá jẹ́ òru ló ń ṣe é, ibi tí òru kì í yí padà, kí gbogbo ẹran ibẹ̀ máa bí nígbà tó bá wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹran kan ló bà á jẹ́, wildebeest, ẹran ńlá kan tó ń jẹ koríko ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Serengeti, ní àríwá Tanzania. Ibẹ̀ súnmọ́ àárín ayé ju Èkó lọ, ìyàtọ̀ ọ̀sán sí ọ̀sán kò tó ìdajì wákàtí. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí mẹ́rin nínú ọmọ márùn-ún tí wọ́n ń bí lọ́dún ló ń bọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ní nǹkan bí oṣù kejì.

Mo débẹ̀ nígbà kan nínú oṣù yẹn. Ní òwúrọ̀ ni wọ́n sábà ń bí. Abo kan dùbúlẹ̀ ní ìwọ̀n àgbàlá kan sí ọkọ̀ wa, pátákò méjì ti yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó tún dùbúlẹ̀, ọmọ sì yọ́ jáde. Awọ rẹ̀ rí bí iyanrìn tó tutù. Ó gbé ìdí sókè, ó fi imú gúnlẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó dúró, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n. Mo wo aago mi: kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìkookò kan wà nínú ẹrẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ó nà gbalaja. Ó gbé orí sókè wo ọmọ náà, ó sì gbé orí padà sínú ẹrẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti yó débi pé kò lè dìde.

Ikùn ìkookò yẹn ni ìdáhùn ìdajì ìbéèrè. Ọmọ wildebeest kì í sá pamọ́. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ kìíní, ní gbangba, lójú gbogbo ẹranko apẹran. Ohun tó lè gbà á là ni pé kí ọ̀pọ̀ yanturu wà bíi tirẹ̀. Ìkookò mélòó ló wà, ọmọ mélòó ni wọ́n lè jẹ lọ́jọ́ kan? Àwọn ọmọ tó bá dé ṣáájú ogunlọ́gọ̀ tàbí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń pa jù. Ìdajì kejì jẹ́ ti ilẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ gúúsù Serengeti tí wọ́n ń bí sí, eérú òkè oníná ló di ilẹ̀ níbẹ̀. Koríko rẹ̀ kúrú, àmọ́ ó kún fún kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wàrà ń fẹ́, ìgbà òjò nìkan ló sì ń yọ. Òjò bá ń parí ní oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, tí ara wọn sanra, wọ́n á gun ara wọn. Oyún oṣù mẹ́jọ á bọ́ sínú òjò ọdún tó tẹ̀lé e. Ní tèmi o, òjò ló yan oṣù, ìkookò ló fún un pọ̀ di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó ń ṣe aago fún wọn kò rọrùn bíi ti àgbọ̀nrín pupa. Ara tó sanra wà níbẹ̀, ohùn akọ náà wà níbẹ̀. Àwọn akọ a máa han tọ̀sán-tòru ní àkókò yẹn, ẹ máa rò pé ọ̀pọ̀lọ́ ńlá ni. Wọ́n gbé ohùn yẹn jáde fún àwọn abo kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ara àwọn tó ń gbọ́ ọ sì tètè bá ara wọn dọ́gba ju ti àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan lọ.

Ẹ wá bi bàbá léèrè: ìgbà mélòó ni wọ́n rí ẹtu mẹ́wàá pa pọ̀ nínú igbó? Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ọ̀kan ni, bó pọ̀ tán akọ kan àti abo kan. Ọmọ ẹtu máa ń dùbúlẹ̀ síbi tí ewé bò ó ni, láìmira. Ohun tó ń gbà á là ni pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí gbogbo ẹtu igbó bá fi ọmọ pamọ́ lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n kàn fi ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ó máa tú abẹ́ ewé han ẹkùn àti òjòlá ni. Oúnjẹ ìyá náà kò ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó le: èso tó já bọ́, ewé, olu, oṣù wo ni nǹkan kì í bọ́ nínú igbó Oǹdó? Oṣù kan lè ní ọmọ ju òmíràn lọ, àmọ́ kò sí oṣù tí ìlẹ̀kùn tì. Àgbọ̀nrín pupa náà ń fi ọmọ pamọ́, òótọ́ ni. Tirẹ̀, òtútù ló ká a mọ́, kì í ṣe ẹkùn. Àgùnfọn tiẹ̀ tún yàtọ̀: oyún oṣù 15, ewé igi tí kì í tán, ó ń bí yípo ọdún láàárín Serengeti kan náà tí wildebeest ti ń ka ọ̀sẹ̀.

Wàhálà tó wà nínú fífi òkùnkùn ṣe aago ni pé ayé ń gbóná, òkùnkùn kò sì yí padà. Ní igbó Trois-Fontaines ní ilẹ̀ Faransé, ewé ti ń tètè yọ, àmọ́ roe deer ibẹ̀ kò yí ọjọ́ ìbí padà fún ọdún 27 tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn; àwọn ọmọ ń dé lẹ́yìn tí ewé tútù ti ń gbó, àwọn tó ń yè nínú wọn kò sì pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Caribou, àgbọ̀nrín ilẹ̀ olótùútù, ní Kangerlussuaq, Greenland, rí irú rẹ̀: kí ìyá tó ti etíkun dé ibi ìbí, koríko ti ṣáájú rẹ̀. Ti Rum dára díẹ̀. Láti nǹkan bí 1980, wọ́n ti ń fi ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tètè bí ju ti tẹ́lẹ̀, apá kan torí pé ojú ọjọ́ ti ń gbóná sí i, apá kan torí pé ọmọ àwọn tó ń tètè bí ló ń pọ̀ sí i.

Ohun kan kàn bàbá nínú èyí. Òfin Scotland kò gbà kí wọ́n yìnbọn fún abo àgbọ̀nrín pupa láìsí àṣẹ pàtàkì, àfi láàárín ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 15 oṣù kejì. Ẹ kà á: ọmọ tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ti lé ní oṣù mẹ́rin kí ìbọn tó lè kan ìyá rẹ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ fún ẹtu, torí oṣù tí ẹ bá tì, ìyá ọlọ́mú á wà níta nínú oṣù tí ẹ ṣí. Bí a bá fẹ́ kí ẹtu kù fún ọmọ ọmọ bàbá, ibi ni ká dá sí, igbó tí ìbọn kò ní wọ̀ rárá, kì í ṣe oṣù.

Ọmọ tí ẹ rí, ẹ ṣe é dáadáa bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń fi í sílẹ̀ lọ jẹ koríko, á sì padà wá fún un lọ́mú nígbà mélòó kan lóòjọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń wò yín láti orí òkè ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń wá a kiri, tó ń dúró kí ẹ lọ. Bí ẹ bá rí òmíràn lọ́dún yìí, ẹ fà sẹ́yìn, ẹ gba ọ̀nà mìíràn, kí ẹ sì fi okùn mú ajá bí ẹ bá mú un dání.